Ilé Ìyá Àgbà Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ìṣẹ́jú Méjì

Agbonou,
ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ẹrẹ́nà

Afí ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Awakọ̀ tasí tó gbé e wá láti Lomé ní o kìlọ̀ fún òun pé bébà inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ká, ó sì gbé e lé obìnrin kan lẹ́sẹ̀ títí wọ́n fi kọjá Notsé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Mo ní kó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ìwọ nìkan ni n kò tíì mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Mo tẹ́ bébà náà sórí tábìlì. Pláànù ilé Ìyá Àgbà ni, ẹlẹ́ẹ̀kejì. O kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Bàbá, ẹ má ṣèyọnu mọ́. Mo ti sún ògiri náà. Ìṣẹ́jú méjì péré ló gbà mí lórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi Ìyá Àgbà: sẹ̀ǹtímítà mélòó ni Bàbá Àgbà fi jìnnà sí ògiri?"

Mo kà á. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún kà á. Sẹ̀ǹtímítà mélòó! Ìyá rẹ gbọ́ ohùn mi láti ilé ìdáná, ó ní ta ni mo ń bá jà. Mo ní ọmọ rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n fi ọ́ sí ìdí ẹ̀rọ tuntun tó ń ya pláànù ní bírò yín, ọmọ mi ni ọ́, mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lọ́nà ilé ìjọsìn. Lánàá, ọmọ ìyá rẹ ni ọ́.

Jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí gan-an lábúlé Ìyá Àgbà ní Akparé, nítorí ó jọ pé ọ̀rọ̀ ògiri lásán ni o rò pé ó jẹ́. Èmi wà ní Notsé lọ́sẹ̀ yẹn, níbi àìsàn àbúrò mi. Kòkú bíríkìlà mú pláànù rẹ àkọ́kọ́, ó na okùn, ó kan èèkàn, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyá Àgbà ti lọ kí ẹnì kan tó bímọ ní òpin abúlé. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n bá ojú ọ̀run nínú yàrá wọn. Kòkú ti ká páànù kúrò lórí yàrá ẹ̀yìn, ògiri ẹ̀yìn ti wó, kòtò ìpìlẹ̀ sì ti gba igun yàrá wọlé, ó ń lọ tààrà síbi tí a sin bàbá mi sí.

Ìyá Àgbà kò pariwo. O mọ̀ wọ́n. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, wọ́n jókòó síbi tí dígà dé, wọ́n sì ká ọwọ́ lé itan. Wọ́n ní, "Kòkú, máa gbẹ́ ẹ lọ. Èmi ni kí o kọ́kọ́ gbẹ́."

Kòkú ju dígà sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà mi níhìn-ín ni mo ti bá a nígbà tí mo ti Notsé dé, ó jókòó sílẹ̀, kò lè gbójú sókè. Ó ní, "Fofó, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Ọkàn mi sọ fún mi pé ibẹ̀ ni Bàbá wà. Mo wo ilẹ̀, mo wo bébà, mo tún wo ilẹ̀. Bébà náà mọ́ ju ojú mi lọ. Mo ní àwọn ará Lomé kò lè ṣì í."

Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ti ń sùn lábẹ́ tapólì. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá sí Agbonou, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní fi ọkọ àwọn sílẹ̀ nínú ilé tí kò lórí. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ kọ́ ilé tuntun kankan mọ́, bó ti wù kó rí. Òjò sì ti ń ṣú lórí òkè Atakpamé ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ìwọ wá ń bi mí ní sẹ̀ǹtímítà.

Mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀, Afí. Iṣẹ́ tí o ń ṣe ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ojú ọ̀nà: fífa ìlà sórí bébà kí ẹlòmíràn lè fi kọ́ nǹkan sórí ilẹ̀. Mo ti ṣe àṣìṣe nínú rẹ̀ ju bí o ṣe rò lọ. Ẹni tó bá sì jìn sí kòtò, ó yẹ kó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, pàápàá nígbà tí kòtò ọ̀hún bá ti wọ yàrá ìyá rẹ̀.

Èkíní. Máa lọ wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí etí rẹ fi di, síbẹ̀ n kò tíì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ rí, nítorí ojú ń tì mí. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún nígbà tí ọ̀gá wa ní kí n lọ wọn ibi odò kékeré kan lójú ọ̀nà Akparé, kí n wá ya afárá rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà funfun ni. Ẹrẹ̀ wà lọ́nà, bàtà sì wà lẹ́sẹ̀. Mo jókòó sí bírò, mo fa máàpù àtijọ́ yọ, mo wo ibi tí odò náà wà nínú rẹ̀, mo ya afárá tó dára bí ẹyin. Wọ́n kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe yà á. Àṣé odò ti yà kúrò níbẹ̀ láti ìgbà tí àwọn bàbá wa ti ń gbẹ́ amọ̀ lẹ́bàá rẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ dé, omi gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, afárá mi dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ bí àlejò tí wọn kò pè. Ewúrẹ́ ló ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ará abúlé sọ ọ́ ní Afárá Kọmlá, wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Ṣé o mọ ẹni tó ń rìn nínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá yẹn lójoojúmọ́ pẹ̀lú ẹrù iṣu lórí? Ìyá Àgbà ni. Oko wọn wà ní òdìkejì. Wọn kò bá mi wí. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí wọn, wọ́n ní kí n bá àwọn ru ẹrù dé oko. Mo wọ inú omi dé orúnkún pẹ̀lú bàtà funfun náà, afárá mi wà lápá ọ̀tún, ewúrẹ́ ń wò mí. Ìyá mi ń rìn lọ níwájú, wọn kò wẹ̀yìn. N kò ya ohun tí n kò rí, n kò sì fọwọ́ sí i, mọ́ láti ọjọ́ náà, àyàfi lẹ́ẹ̀kan, màá sọ èyí fún ọ níwájú.

Èkejì. Má fi ilé onílé ṣe ilé ẹlòmíràn. Rántí ọjọ́ tí mo wá kí ọ ní bírò yín, tí o ní kí n bọ́ bàtà, tí otútù ẹ̀rọ amúlétutù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. O jókòó láàárín ojú ẹ̀rọ méjì. O ṣàlàyé fún mi pé ti ọwọ́ òsì ni àwòrán ń hàn sí, ti ọwọ́ ọ̀tún ni o ń kọ àṣẹ àti ìwọ̀n sí. Mo rí i tí o ń yí ọrùn sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. O kọ ọ̀rọ̀ kan sọ́tùn-ún, odindi ilé sì yí ẹ̀yìn padà lósì, ilẹ̀kùn tó wà níhà ìwọ̀ oòrùn bọ́ sí ìlà oòrùn. Mo pariwo. O rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, n kò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ohun tí o máa ṣe fún Akparé náà nìyẹn. O mú ilé oníbàárà yín kan ní Lomé, o yí i padà kó lè wọ inú ilẹ̀ wa, o fi ránṣẹ́. Ilé ìdáná wà ní ẹ̀gbẹ́ yàrá ìbùsùn. Igi ni Ìyá Àgbà fi ń dáná, Afí! Ṣé èéfín ni kí wọ́n máa fi bora? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ìyá yẹn kì í jẹun alẹ́ láìtíì kí gbogbo ẹni tó ti oko bọ̀ tán. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. O ti sọmọ lórúkọ kí o tó mọ ilé tí wọ́n bí i sí.

Ẹ̀kẹta. Jẹ́ kí bíríkìlà lè bá ọ sọ̀rọ̀. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí o wà nílé ẹ̀kọ́ kékeré, mo ya ilé ìtọ́jú aláìsàn kékeré kan. Bíríkìlà tó ń kọ́ ọ wá bá mi, ó ń fi fìlà rẹ̀ nu ọwọ́, ó ní, "Ọ̀gá, ilẹ̀kùn yìí, bó bá ṣí, ṣé kò ní gbá ibùsùn?" Mo bi í pé ta ló ya pláànù nínú àwa méjèèjì. Ó ní èmi ni. Ó kọ́ ọ bí mo ṣe yà á. Ilẹ̀kùn náà gbá ibùsùn, wọ́n sì ní láti já a, kí wọ́n tún un gbé. Ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ tí wọ́n ń já a, kò sí èébú nínú rẹ̀, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Kòkú mọ̀. Ó ti mọ̀ kí dígà tó kan ilẹ̀. Ohun tó pa á lẹ́nu mọ́ ni pé bébà rẹ kò ní àpá kankan. Nígbà tiwa, tàdáwà la fi ń yà á sórí bébà kálìkì, èyí tí ojú ń rí gbà kọjá. Bí a bá ṣì í, abẹ félẹ́ la fi ń ha á kúrò, jẹ́jẹ́, ká má mí. Àpá rẹ̀ kì í lọ. Bí ọ̀gá bá gbé e sókè sí fèrèsé, yóò rí gbogbo ibi tí o ti ṣiyèméjì. Bíríkìlà náà á rí i, á sì bi ọ́ léèrè. Ẹ̀rọ yín ń fi kálámù ya ìlà tó mọ́ tónítóní, kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé ohun kan kò dá ọmọ tó wà nídìí rẹ̀ lójú. Nítorí náà, ìwọ ni kí o sọ ọ́. Fi ọwọ́ kọ ọ́ sí i: "Níhìn-ín, n kò mọ̀. Ẹ bi onílé."

Ẹ̀kẹrin, tàbí èkarùn-ún, n kò mọ iye mọ́, inú ń bí mi. Ìṣẹ́jú méjì yẹn. Má fi í yangàn sí mi mọ́. Ohun tó bá yá láti tún ṣe, ó yá láti bà jẹ́. Nígbà tí àtúnṣe ògiri kan ń gba odindi ọ̀sán lọ́wọ́ mi, mo máa ń ronú kí n tó fa ìlà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. O ní ẹ̀rọ, n kò jowú. Àkísà ni mo ń fún ọ yìí, gbà á.

Àti ọrùn rẹ. Ìyá rẹ ní kí n má gbàgbé ọrùn rẹ. O kọ̀wé ní oṣù tó kọjá pé ó ń dùn ọ́, ojú rẹ sì ń pọ́n. Dìde láàárín ojú ẹ̀rọ méjèèjì yẹn nígbàkígbà, jáde, kí o wo nǹkan tó jìnnà. Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Bí ọ̀gá bá bi ọ́, sọ pé bàbá rẹ ló ní kí o jáde.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Mo ti ń sá fún un láti ojú ewé kìíní.

Èmi ni mo ní kí Kòkú bẹ̀rẹ̀. Pláànù rẹ àkọ́kọ́ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ìwọ̀n ilẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti gígùn rẹ̀ ni, n kò ya yàrá ilé àtijọ́ sí i. Mo gbà pé o mọ̀ ọ́n, ìwọ tí o sùn lórí ilẹ̀ yàrá yẹn ní gbogbo ìsinmi, tí Ìyá Àgbà ń fa ẹní rẹ sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ rẹ má bàa kọ sí Bàbá Àgbà. Nígbà tí bébà náà dé, ó yẹ kí n gbé e lọ sí Akparé, kí n tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, kí n fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ibo ni mo gbé e lọ? Mo gbé e lọ sí ilé ìjọsìn lọ́jọ́ Àìkú. Mo fi han olùkọ́ni ìjọ. Mo fi han àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́. Mo ní, "Ọmọ mi obìnrin ló yà á, ẹ wò ó, kò sí àṣìṣe kan." Wọ́n ń fi ìka tọ́ ìlà náà, mo ń ní kí wọ́n rọra. Ìlà tó gba orí bàbá mi kọjá wà níbẹ̀, ìka mi kàn án, n kò rí i. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún Kòkú pé, "Ó dára. Bẹ̀rẹ̀."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, Afí. Ìgbéraga ni mo ń tà níbẹ̀. Ìyẹn ni ẹ̀ẹ̀kan tí mo sọ pé màá sọ. Ìbínú tí mo ń bí sí ọ láti òkè wá, bí o bá dá a sí méjì, tèmi ni apá tó tóbi jù.

Àárọ̀ yìí ni mo mú ìbéèrè rẹ lọ sí Akparé. Kòtò kò kan Bàbá, Ọlọ́run ló bá wa dá dígà dúró. Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Mo bá Ìyá Àgbà lábẹ́ tapólì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mu omi àárọ̀, wọ́n sì ta díẹ̀ sílẹ̀ fún Bàbá ná, bí wọ́n ṣe ń ṣe láti ọjọ́ tí a ti sin ín. Mo ní ọmọ ń bèèrè bí Bàbá ṣe jìnnà sí ògiri tó. Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Kọmlá, èwo nínú ògiri? Èyí tí ẹ wó?"

 Mo ní kí wọ́n fi ibẹ̀ hàn mí, kí n wọ̀n ọ́n, kí n kọ ọ́ ránṣẹ́. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ mi ló mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ẹnu mi. Bí mo bá fi hàn ìwọ nìkan, ìwọ náà ti ń darúgbó. Ẹni tó ń ya ilé ni kó wá. Kó bọ́ bàtà, kó dúró síbi tí mo bá dúró. Bó bá wá, màá gbà kí ẹ kọ́ ọ."

Mo ní, "Ìyá, ọmọ ti sún ògiri kúrò, ó ti fi ààyè sílẹ̀ fún Bàbá." Mo ṣí pláànù rẹ kejì, mo fi yàrá náà hàn wọ́n, pẹ̀lú ibùsùn kan ṣoṣo tí o yà sínú rẹ̀. Wọn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá fi ìka kan ibùsùn náà.

Wọ́n ní, "Ó kéré. Níbo ni wọ́n máa tẹ́ èmi sí?"

Afí, ààyè ẹni méjì ni wọ́n ń wá nínú yàrá yẹn. Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú ni wọ́n ti mọ apá ibi tí àwọn yóò dùbúlẹ̀ sí, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì bi wọ́n rí. Èmi kò bi wọ́n. Kò sí èyí tó lè bi wọ́n nínú ojú ẹ̀rọ rẹ méjèèjì. Mo jókòó sẹ́nu kòtò náà, mo sunkún níwájú ìyá mi, ọkùnrin arúgbó bíi tèmi, wọ́n sì ní kí n dìde kí òjò má bàa bá mi níbẹ̀.

Nítorí náà, gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ. Wọ tasí ní ìdájí Sátidé, wàá dé kí oòrùn tó mú. Má mú pláànù kankan bọ̀. Mú bébà òfìfo, mú lẹ́ẹ̀dì, mú téèpù gígùn bírò yín bí wọ́n bá yá ọ, nítorí tèmi ti já. Wọ bàtà tó ṣeé bọ́. Kòkú yóò wà níbẹ̀. Ó ń tijú rẹ, bá a sọ̀rọ̀ kí òun tó bá ọ sọ̀rọ̀.

Mo ti gbẹ́ èèkàn mẹ́rin tuntun. Mo ti wá okùn, mo ti fi ẹfun kùn ún. N kò tíì kan ohunkóhun mọ́lẹ̀, nítorí okùn ní orí méjì, ọ̀kan péré ni mo lè dì mú; ìwọ ló ni èkejì.

Èmi ni bàbá rẹ, tí afárá rẹ̀ ṣì wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ,

Kọmlá